Ẹ Yé Fi Alẹ́ Ọjọ́ Kan Dá Agbábọ́ọ̀lù Lẹ́jọ́

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín tó gbayì, kí n fi sọ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn. Káfíńtà ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lè mú kí ẹlòmíràn béèrè pé kí ló kan àgbàlagbà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì ni, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ jù sínú àwọ̀n, àti bí àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe ń yan ọmọ tuntun lọ́dọọdún.

Ohun tó fà á nìyí. Nínú oṣù kẹfà, nígbà tí wọ́n bá ń ṣe àṣàyàn yìí, oorun kì í sí nílé mi. Àbíkẹ́yìn mi àti àwọn ọmọ ọmọ mi méjì a jókòó ti tẹlifíṣàn títí di ìdájí. Ọ̀kan ń ṣe ti Houston, ọ̀kan ń ṣe ti Milwaukee, ẹnì kẹta ń ṣe ti New York. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, wọn a gbé ìwé jáde, wọn a máa fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní máàkì bíi tíṣà: eléyìí gba A, tọ̀hún gba C, ẹlòmíràn gba F. Ọmọ tí wọ́n yàn kò tíì wọ aṣọ ẹgbẹ́, kò tíì ju bọ́ọ̀lù kan, wọ́n ti ní òfo ni. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀rọ̀ yìí dìjà láàárín ọmọ mi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, odidi ọ̀sẹ̀ kan ni wọn kò fi kí ara wọn. Mo ní, ṣé nítorí ọmọ ọlọ́mọ tó wà lókè òkun?

Ẹ jẹ́ kí n là á yé àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, bí wọ́n ṣe là á yé mi. Ẹgbẹ́ 30 ló wà nínú ìdíje tí wọ́n ń pè ní NBA. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń pín àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọlé, ní ìpele méjì. Àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n lù jù ní sáà tó kọjá ni wọ́n ń fún láǹfààní láti kọ́kọ́ mú, kí aláìní lè rí nǹkan gbé. Láti 1985 ni wọ́n ti ń ṣẹ́ kèké lórí ẹni tí yóò mú ṣáájú, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù. Kó tó dìgbà náà, owó ẹyọ ni wọ́n ń jù sókè.

Níbi owó ẹyọ yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa Yorùbá. Ní 1984, Houston ló jàre nígbà tí owó náà balẹ̀. Wọ́n mú Hakeem Ọlájuwọ́n, ọmọ tí wọ́n bí ní Èkó ní 1963, tó ti gba hándíbọ́ọ̀lù, tó sì ti ṣọ́lé nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ kó tó fọwọ́ kan básíkẹ́ẹ̀tì. Portland ló tẹ̀lé e, wọ́n mú Sam Bowie. Chicago ló ṣìkẹta, wọ́n mú Michael Jordan. Jordan gba ife-ẹ̀yẹ mẹ́fà fún Chicago, àti ìgbà náà títí dòní ni wọ́n ti ń fi Portland ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ wá gbọ́ ìbéèrè mi. Houston náà fojú fo Jordan. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kì í bú wọn? Ṣebí nítorí pé ọmọ wa ṣe bẹbẹ ni. Ó gba ife fún wọn ní 1994, ó tún gbà á ní 1995. Ṣùgbọ́n ẹ ka ọdún tó wà láàárín rẹ̀: ọdún mẹ́wàá gbáko! Ní 1986 wọ́n dé àṣekágbá, Boston fìdí wọn jánlẹ̀. Lẹ́yìn náà nǹkan kò rọgbọ mọ́. Nígbà tó di 1992, ẹgbẹ́ náà kò tilẹ̀ sí lára àwọn tó ń du ife ní ìparí sáà, Ọlájuwọ́n fúnra rẹ̀ sì ti ní kí wọ́n jẹ́ kí òun máa lọ. Bí ẹnì kan bá fún Houston ní máàkì lọ́dún yẹn, kí ni ì bá kọ? Jordan pàápàá, ọdún méje ló lò kó tó gba ife àkọ́kọ́ ní 1991. Àwọn méjèèjì tí gbogbo ayé ń pè ní àṣàyàn tó dára jù, ẹni tó bá kánjú ì bá ti ní wọn kò so èso.

Ti Sam Bowie ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká ṣe é pẹ̀lú òdodo. Portland ti ní Clyde Drexler, tó ń gba ipò kan náà pẹ̀lú Jordan. Ẹni gíga ni wọ́n ń wá. Lójú ọjọ́ náà, kò sí wèrè nínú ìyẹn. Ibi tí mo ti bá wọn wí ni ti ẹsẹ̀ ọmọ náà. Sáà méjì odindi ni kò fi gbá bọ́ọ̀lù ní yunifásítì nítorí egungun ẹsẹ̀ tó fọ́. Àwa káfíńtà mọ̀ ọ́n: pákó tó bá ti là lẹ́ẹ̀kan, bó ti wù kó gùn tó, a kì í fi ṣe òpó. Àmọ́ ẹ tún gbọ́ èyí. Ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀, ìdíje 76 nínú 82 ni Bowie gbá, wọ́n sì kà á mọ́ àwọn ọmọ tuntun tó dára jù. Ẹni tó bá fún Portland ní máàkì rere ní ìparí sáà náà ì bá rò pé òun ti jàre. Ní sáà kejì ni ẹsẹ̀ ṣẹ́, ó sì tún ṣẹ́ lẹ́yìn náà. Nínú fíìmù kan tó jáde ní 2012, ọkùnrin náà jẹ́wọ́ pé nígbà tí àwọn dókítà ń yẹ ẹsẹ̀ òun wò kí Portland tó mú òun, òun ní kò dun òun, bẹ́ẹ̀ ó ń dun òun. Àwa náà mọ irú èyí. A máa ń fi gúlù pò mọ́ lẹ́búlẹ́bú igi dí ibi tó là, a ó fi páńtí kùn ún, ẹni tó wá ra àga kò ní rí i. Nítorí náà, ẹ má sọ fún mi pé Portland kò mọ Jordan. Ta ló mọ̀ ọ́n? Ẹ sọ pé wọ́n rí ibi tó là, wọ́n sì gbójú kúrò níbẹ̀. Ìyẹn ni ẹjọ́ tó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Àwọn àgbà tiwa ti sọ̀rọ̀ nípa nǹkan báyìí. Wọ́n ní lọ́run, níbi tí ẹ̀dá ti ń yan orí, Àjàlá ló ń mọ orí. Gbogbo orí náà jọ ara wọn lórí pẹpẹ, ojú kò lè mọ èyí tí iná jinná àti èyí tí kò jinná. Ìgbà tí èèyàn bá gbé tirẹ̀ tó ń bọ̀ wáyé, tí òjò wá pa á, nígbà náà ni ti ẹlòmíràn a bẹ̀rẹ̀ sí í yìnrìn. Bí ẹni tó ń yan orí ara rẹ̀ bá lè ṣì í mú, kí la ó wí nípa ẹni tó ń yan ọmọ ọlọ́mọ?

Ẹ wo 1998. Ẹgbẹ́ Los Angeles Clippers ló kọ́kọ́ mú, wọ́n sì mú Michael Olowokandi, tí wọ́n bí ní Èkó ní 1975, tó dàgbà ní Lọ́ńdọ̀nù. Gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méje. Ó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá básíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni gíga, ọmọ Èkó, ẹni tó pẹ́ bẹ̀rẹ̀: ó rọrùn kéèyàn rí Ọlájuwọ́n lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n pé igi méjì jọ ara wọn lóòró kò ní kí wọ́n jọ ara wọn nínú. Àwọn ará Houston ti fi ojú ara wọn rí Ọlájuwọ́n fún sáà mẹ́ta ní yunifásítì ìlú wọn kí wọ́n tó mú un. Ibi tí a fi iyọ̀ sí ló ṣomi fún Clippers. Lọ́dún kan náà, Dirk Nowitzki ọmọ Jámánì wà ní ipò kẹsàn-án, Paul Pierce wà ní ìkẹwàá, àwọn méjèèjì sì gba ife lẹ́yìn náà. Síbẹ̀, kí a má di gbogbo ẹrù lé ọmọ náà lórí. Ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀, ìdíje 9 péré ni ẹgbẹ́ náà borí nínú 50. Ọmọṣẹ́ tí a mú wọ ṣọ́ọ̀bù tí òrùlé rẹ̀ ń jò, ibo ni yóò dúró sí kọ́ṣẹ́?

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ dé ilé ara mi, kí wọ́n má baà ní ìka ẹlòmíràn nìkan ni mo ń nà. Ní 1983, wọ́n mú ọmọ méjì wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ kan náà láti kọ́ṣẹ́. Àyè ẹnì kan péré ni mo ní. Ọ̀kan síngbọnlẹ̀, baba rẹ̀ náà káfíńtà. Èkejì rí tín-ín-rín, ó sì ń lo ọwọ́ òsì. Mo ní kí kálukú gé pákó kan fún mi. Bí èkejì ṣe fi ọwọ́ òsì gbá ayùn mú, àwọn ọmọṣẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín, èmi náà sì bá wọn rín in. Mi ò wo ojú ibi tó gé. Mo ní kí ìyá rẹ̀ máa mú un lọ. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo sọ fún ìyàwó mi pé ojú mi mọ ọmọ tó máa mọṣẹ́.

Èyí tí mo gbà parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó ṣe fúrídọ́ọ̀mù, ọmọlúwàbí sì ni. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ló wá ń wà nígbẹ̀yìn, torí ọwọ́ rẹ̀ kò balẹ̀ lórí igi. Ní 1996, mo wọ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, mo rí àtẹ̀gùn onípákó kan níbẹ̀ tó dá mi dúró. Gbogbo oríkèé rẹ̀ fẹnu kora bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni igi náà ṣe hù. Mo béèrè ẹni tó ṣe é, wọ́n pè é wá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.” Ọlọ́wọ́ òsì ni! Ọ̀gá mìíràn ló ti kọ́ ọ níṣẹ́. Mi ò mọ ibi tí màá fojú sí. Olóòtú, mi ò bá ara mi wí pé mi ò mọ ọ̀la, èèyàn kì í ṣe Ọlọ́run. Ohun tó ń dùn mí títí dòní ni pé pákó tó gé wà níwájú mi, mi ò wò ó.

Ó ku ẹnì kan tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Ní 2013, Milwaukee mú ọmọ ọdún 18 kan láti ilẹ̀ Gíríìkì, ó ṣe ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Yorùbá ni baba rẹ̀, Ìgbò ni ìyá rẹ̀. Adétòkunbọ̀ lorúkọ ilé wọn, àwọn Gíríìkì ló kọ ọ́ di Antetokounmpo. Giannis ni ọmọ náà. Nígbà tó wà ní kékeré ní Athens, ó máa ń bá àwọn òbí rẹ̀ kiri ọjà ní títì. Ìpele kejì ní ilẹ̀ Gíríìkì ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ó sì tín-ín-rín bí igi ìṣáná. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá ni wọ́n pe orúkọ ẹlòmíràn kí wọ́n tó pe tirẹ̀. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ pè lọ́dún náà, Anthony Bennett, kò lò ju sáà mẹ́rin lọ ní NBA.

Ní sáà àkọ́kọ́ Giannis, Milwaukee borí ìdíje 15, wọ́n pàdánù 67. Ẹ tún un kà: 67! Ẹni tó bá ń wá ẹ̀rí pé wọ́n ṣì í mú, ẹ̀rí ti pọ̀ ju èyí tó ń wá lọ. Ṣùgbọ́n pákó tútù ni ọmọ náà. Pákó tútù kì í ṣe pákó burúkú. Ẹ gbé e sí ibòji, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, ẹ má fi ìkánjú kàn án mọ́ ilẹ̀kùn, nítorí bó bá gbẹ tán yóò ká. Milwaukee fún un ní oúnjẹ, wọ́n fún un ní olùkọ́, wọ́n sì jẹ́ kó máa ṣàṣìṣe lójú pápá. Ní 2019 àti 2020, òun ni wọ́n pè ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní gbogbo NBA. Ní ogúnjọ́ oṣù keje ọdún 2021, ó dá àmì-ayò 50 gbà, Milwaukee sì gba ife tí wọn kò rí gbà láti 1971. Ta ló yàn án dáadáa? Àwọn tó pe orúkọ rẹ̀ ní 2013 ni, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó tọ́ ọ fún ọdún mẹ́jọ ló sọ yíyàn náà di rere.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní, “Baba, ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, láti kékeré ni yóò ti máa ṣẹnu ṣámúṣámú.” Mo gbà. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ̀yin wà níbẹ̀ nígbà tó ń ṣẹnu ṣámúṣámú? Ní 2014, Nikola Jokic ọmọ ilẹ̀ Sẹ́bíà ṣe ìkọkànlélógójì, nígbà tí Denver mú un. Nígbà tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀, ìpolówó ọjà ni tẹlifíṣàn ń gbé lọ́wọ́. Ó gba oyè agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní 2021, ní 2022 àti ní 2024, ó sì gba ife àkọ́kọ́ fún Denver ní 2023. Ẹnu rẹ̀ ń ṣe ṣámúṣámú, àwa là ń wo ìpolówó.

Àwọn mìíràn yóò ní, àwa la ń sanwó wọlé, àwa la ń ra aṣọ ẹgbẹ́, a lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀. Òótọ́ ni, ẹni tó sanwó iṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè iṣẹ́. Àmọ́ ẹ rántí alẹ́ kan ní 2015, ní Brooklyn. New York mú Kristaps Porzingis, ọmọ ọdún 19 láti Latvia. Àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ tó gbà á ló hó lé e lórí. Ọmọdé kan wà níbẹ̀ tó ń sunkún lójú tẹlifíṣàn pé wọ́n ti ba ẹgbẹ́ òun jẹ́. Kò tó oṣù díẹ̀, àwọn kan náà ń fò sókè bó bá ti gba bọ́ọ̀lù mú. Ní 2018 wọ́n yàn án mọ́ àwọn ìràwọ̀, lọ́dún kan náà eékún rẹ̀ já, nígbà tó di 2019 wọ́n ti fi í ránṣẹ́ sí Dallas. Ẹ wá dá a fún mi: ta ló jàre, àwọn tó hó ni tàbí àwọn tó pàtẹ́wọ́? Ohun tó dá mi lójú ni pé ọmọ ọdún 19 ló dúró síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Kí ẹ má rò pé Amẹ́ríkà nìkan ni. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún 16, lọ síbi tí wọ́n ti ń yan agbábọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì ní pápá kan níhìn-ín. Kò tíì gbá a ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí àwọn àgbà tó jókòó lẹ́bàá pápá fi ń pariwo pé, “Ẹ lé onírunú ẹsẹ̀ igi ìṣáná yìí jáde!” Wọn kò mú un. Ìyẹn kò burú, wọn kò lè mú gbogbo ọmọ. Ṣùgbọ́n ó ti bàtà náà bọ abẹ́ ibùsùn, oṣù mẹ́ta ni kò fi yọ ọ́. Ọmọ yìí kan náà sì ni, bí oṣù kẹfà bá dé, tó ń fún ọmọ ọlọ́mọ ní F! Mo pè é, mo rán an létí ẹsẹ̀ igi ìṣáná. Kò rí èsì fún mi.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi kò ju mẹ́ta lọ. Èkíní, bí ẹ bá fẹ́ dá ẹni tó yàn lẹ́jọ́, ẹ bi í léèrè ohun tó hàn lọ́jọ́ tó yàn. Bí pákó bá ti là tó sì rí i, ó jẹ̀bi. Bí kò bá sí ohun tó hàn, ẹ fi í sílẹ̀. Èkejì, ẹ fún ọmọ náà ní ọdún mẹ́ta ó kéré tán, kí ẹ sì wo irú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n mú un wọ̀. Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin tí ẹ ń fún wọn ní máàkì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ yín, kí ẹ tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá ń ka àṣìṣe ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, kó ka tirẹ̀ pẹ̀lú.

Èyí tó gbẹ̀yìn yìí, mo ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nílé mi. Mo ti gba ìwé máàkì wọn lọ́wọ́ wọn, kálukú fọwọ́ sí tirẹ̀, mo sì ti tì í mọ́ inú àpótí irinṣẹ́ mi. Bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta la ó ṣí i lójú gbogbo ilé. Àbíkẹ́yìn mi ti wá bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì pé òun fẹ́ yí máàkì kan padà. Mo ní rárá o.



Èmi ni,
Baba Káfíńtà,
Òkè-Àdó, Ìbàdàn.